Ìtọ́jú Ajá Ọdẹ Tó Ti Darúgbó

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni a fi ń rán àwọn ọmọ létí ojúṣe wọn sí òbí tó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ajá mu pẹ̀lú. Ní Ìjàyè àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ajá kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Òun ló ń bá ọdẹ wọ igbó, òun ló ń lé òkété àti ọ̀yà jáde, òun náà ló sì ń ṣọ́ ilé lóru. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, àwọn kan a tà á fún ẹlẹ́ran ajá, àwọn mìíràn a lé e dànù, àwọn kan a sì fi májèlé sínú oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí léwu fún ènìyàn pàápàá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Bí ogbó ṣe ń dé

Ajá ilẹ̀ wa tó bá rí ìtọ́jú lè lo ọdún 10 sí 13. Láti bí ọdún 7 tàbí 8 ni ogbó ti ń yọjú. Irun ẹnu rẹ̀ yóò funfun, ẹyinjú rẹ̀ yóò dà bí omi ògì, eyín rẹ̀ yóò máa mì, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì le, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní àkókò ọyẹ́. Etí rẹ̀ náà yóò di. A máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ti arúgbó ajá kì í ṣe agídí. Etí ni kò gbọ́ mọ́. Ẹ má ṣe nà án. Ẹ fi ọwọ́ pè é níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o, ẹ má sì fọwọ́ kàn án lójijì nígbà tó bá ń sùn, nítorí ìpayà lè mú kí ó gé ènìyàn jẹ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ igbó jíjìn mọ́.

Oúnjẹ àti ibùsùn

Eegun lè ṣẹ́ eyín tó ti ń mì, ó sì lè há ajá lọ́fun. Oúnjẹ rírọ̀ ni kí ẹ fún un, níwọ̀nba, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ tí a pò mọ́ ẹja tàbí ẹyin sísè, láìsí ata àti àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kí omi mímọ́ wà nítòsí rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó sì ń tọ̀ ṣáá, àìsàn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ lè wà nídìí rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹní tàbí àpò gbígbẹ fún un níbi tí òjò àti ọyẹ́ kò ti ní í bá a. Ẹ máa gé èékánná rẹ̀, nítorí ajá tí kò sáré mọ́, èékánná rẹ̀ kì í jẹ lórí ilẹ̀. Ẹ máa ṣa eégbọn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi oògùn kòkòrò oko wẹ̀ ẹ́. Ajá a máa lá ara rẹ̀, oògùn náà yóò sì wọ inú rẹ̀.

Oògùn ìrora

Oògùn ènìyàn kì í ṣe oògùn ajá. Paracetamol ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́; Ibuprofen àti Diclofenac ń dá egbò sí i nínú, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Dókítà ẹran ní oògùn ìrora tí a ṣe fún ajá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà wọ Ìbàdàn lè gbé ajá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Ogbó ni àbí dìgbòlugi?

Ogbó a máa rìn díẹ̀díẹ̀, fún oṣù àti ọdún. Dìgbòlugi a máa dé láàárín ọjọ́ díẹ̀: ìwà ajá yóò yí padà, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lè wálẹ̀, ó sì lè máa gé ohun tó bá rí jẹ. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ ẹnu irú ajá bẹ́ẹ̀ láti wá eegun. Bí ó bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àìsàn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni kí ó yè é. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ta ajá tó ń ṣàìsàn fún ẹlẹ́ran: itọ́ àti ọpọlọ ajá dìgbòlugi ni àrùn náà wà, ẹni tó ń pa á lè kó o. Arúgbó ajá pẹ̀lú ní láti máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni a yà sọ́tọ̀ káàkiri ayé fún ìkéde lórí àrùn yìí, láti ọdún 2007.

Ìgbẹ̀yìn

Bí ajá bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, tí kò lè dìde mọ́, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí ó ń ké lóru, ẹ pe dókítà ẹran. Bí kò bá sí àtúnṣe mọ́, abẹ́rẹ́ wà tí yóò kọ́kọ́ mú un sùn, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì dákẹ́ láìsí ìrora. Májèlé kò rí bẹ́ẹ̀: oró ńlá ni, adìyẹ tàbí ajá mìíràn tó bá sì jẹ nínú oúnjẹ náà yóò kú pẹ̀lú.

Nígbà tí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìròyìn rẹ̀ kàn ká ayé. Ààfin ní ọdún 344 ni ó lò. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn pé a yan ènìyàn tì í láti máa tọ́jú rẹ̀. Ajá ọdẹ kò ní ààfin. Ẹni tó jẹ ẹran tó pa ni olùtọ́jú rẹ̀.

Ẹ sin ín sínú kòtò jíjìn, kí ó jìnnà sí kànga àti odò. Kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọdé ilé pé ó kú. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé ó sá lọ, kí wọ́n má baà máa wá a kiri inú igbó.