Bí Àwọn Pánẹ́bítà Ṣe Ń Wá Ọ̀nà Dé Ẹ̀yìn Irin

Ní ọdún 1925, ilé-iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà gbé Model T kan jáde tí wọ́n ti kan àpótí ẹrù mọ́ ìdí rẹ̀ kó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Irú ọkọ̀ yìí ni à ń pè ní píkọ́ọ̀pù, dọ́là 281 sì ni owó rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ra ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, káfíńtà ni yóò wá fi pákó ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bí nǹkan bá gbá ẹ̀yìn náà, káfíńtà yìí kan náà ló máa tún un ṣe. Nígbà tí irin rọ́pò pákó, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ pánẹ́bítà.

Àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣàánú ẹni tó ń tún wọn ṣe. Ẹ wo Chevrolet 3100 tí wọ́n ṣe láti 1947 títí di 1955: òde àpótí ẹrù ni mọ́gáàdì ẹ̀yìn rẹ̀ wà, nọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi dè é. Bí ó bá tẹ̀ wọnú, wọn á tú u sílẹ̀, wọn á dojú rẹ̀ dé, wọn á fi dólì, irin wúwo tó kún ọwọ́, gbè é lápá kan, wọn á sì máa fi hámà lù ú lápá kejì. Igun ẹ̀yìn kábíìnì tí awakọ̀ ń jókòó sí ló ṣòro. Irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, ọwọ́ ò sì lè wọ àárín wọn. Ẹrẹ̀ àti omi máa ń kó síbẹ̀, nítorí náà ibi tó bá tẹ̀ wọnú lóde lè ti dípẹtà láti inú.

Lẹ́yìn náà ni ẹwà dé. Ford gbé Styleside jáde ní 1957, Chevrolet sì gbé Fleetside tirẹ̀ jáde ní 1958: ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gún gbọọrọ láti kábíìnì dé ìdí, kò sí mọ́gáàdì tó yọ síta mọ́. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tú wéré, nígbà tó sì yá, wọ́n tún fi irin kejì bo inú rẹ̀.

Ọgbọ́n tí iṣẹ́ náà dúró lé lórí ti wà nínú ìwé ṣáájú àkókò yẹn. Ní 1939, ilé-iṣẹ́ Fairmount ní ìlú Cleveland, tó ń rọ irinṣẹ́, tẹ ìwé kan tí wọ́n pè ní The Key to Metal Bumping. Ohun tó kọ́ni ni pé ibi tó tẹ̀ gbẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ tú. Irin máa ń le sí i níbi tó bá ti ṣẹ́po, ìdí nìyẹn tí etí tó ga yí ibi tó jìn wọnú ká fi máa ń di àárín mú. Ẹni tó bá dẹ etí náà kọ́kọ́, àárín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọlu àárín yóò fẹ irin náà, iná ni yóò sì máa fi mú un súnkì lẹ́yìn náà. Níbi tí ọwọ́ kò dé, wọ́n ń ti irin pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń pè ní ṣíbí gba ihò iná ọkọ̀, ihò tí omi ń gbà jáde tàbí ojú fèrèsé wọlé.

Níbi tí ṣíbí pàápàá kò dé, òjé ni wọ́n fi ń dí i. Wọ́n á yọ́ òjé pọ̀ mọ́ tánganran, wọ́n á fi pákó tí wọ́n fi ọ̀rá pa tẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi fáìlì rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tó lẹ́wà ni, ṣùgbọ́n májèlé ni eruku òjé. Ní àwọn ọdún 1950 ni bọ́dì fílà, ohun tí wọ́n ń pò láti fi rọ́pò òjé, dé; ó rọrùn, ó sì yá. Òun ló bí àṣà tó ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ jù lọ: wọ́n ń lu ihò sí irin, wọ́n ń fi súkúrù fà á síta, wọ́n sì ń fi fílà bo gbogbo rẹ̀. Omi ń gba ẹ̀yìn àwọn ihò náà wọlé, ìpẹtà ń jẹ irin lábẹ́ fílà, títí fílà yóò fi ṣí. Ẹ̀rọ tó ń jó abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mọ́ ojú irin ló yanjú èyí: wọ́n á jó o mọ́ ọn, wọ́n á fà á, wọ́n á gé e kúrò, kò ní sí ihò kankan.

Ní Nàìjíríà, Peugeot 504 wà lára ohun tó mú ọ̀ràn irin méjì tí wọ́n jó pọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria), tó to ọkọ̀ 504 pọ̀ ní Kàdúná, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní 1979 ni píkọ́ọ̀pù 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn pánẹ́bítà wa tí kò ní ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ máa ń fi gáàsì káábáìdì gé irin inú bíi fèrèsé, wọ́n á ti ibẹ̀ na ti òde, wọ́n á sì jó o padà. Ọ̀nà yìí sàn ju ihò lílù lọ, nítorí ó dé ẹ̀yìn irin gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé wọn kì í sábà kun ojú ìjópọ̀ náà láti inú.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dírílì kàn án kí wọ́n tó wo inú rẹ̀. Ẹ sì ní kí wọ́n kun ẹ̀yìn irin kí wọ́n tó kun ojú rẹ̀.