Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Ẹnu àwọn ìyá àgbà la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, ọjọ́ tí wọ́n sì ń pa á kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀. Obìnrin bímọ, ọmọ kò dúró, ìyá yè. Wọ́n á kí i kú ewu, wọ́n á po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn á wá rọra sọ ọ́: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọn ò sọ pé omi kì í ṣe nǹkan o. Ẹni tó ti odò pọnmi gòkè bọ̀ mọ ohun tí omi ná an. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má jẹ́ kí ẹkún èyí tó lọ bo ojú tó yẹ kó fi wo èyí tó kù.

Àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ wo Ìjàyè, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló sọ ìlú náà di ńlá tó fi ń bá Ìbàdàn dọ́gba. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ á bá a lọ. Aláàfin Àtìbà fẹ́ yí èyí padà kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, lè jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà lọ́dún 1859, tí Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí ní òun ò mọ̀ ọ́n lọ́ba. Ọ̀rọ̀ ogún àti agbára wà nínú ìjà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n orí àṣà yẹn ló ti gbiná. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìjàyè àti Ìbàdàn lọ́dún 1860. Ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin Kúrunmí, òun náà sì kú lọ́dún 1861 kí ogun tó parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862, Ìbàdàn wọ Ìjàyè, wọ́n sì tú u ká. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yè sá lọ sí Abẹ́òkúta.

Akíkanjú ni Kúrunmí, ẹni tó ń gbèjà àṣà sì yẹ lẹ́ni tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé Ọ̀yọ́-Ilé tó ni àṣà náà ti dahoro kí ọdún 1840 tó pé. Láti inú ìtúká yẹn gan-an ni Kúrunmí fúnra rẹ̀ ti dé Ìjàyè tó sì di olórí ibẹ̀. Ayé tuntun ló fi í jẹ Ààrẹ, ayé tó ti lọ ló sì kú fún. Àwọn èèyàn padà sí Ìjàyè lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ìjàyè-Orílé ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń dáko.

Ti kòkó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì kù. Ní abúlé Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kò sí àgbàlagbà tí kò ní ìtàn kòkó lẹ́nu: ilé páànù tí bàbá kọ́, ìyàwó tí wọ́n fẹ́, ọmọ tí wọ́n rán níwèé. Òtítọ́ ni. Owó kòkó wà nínú ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, òun náà ló sì kọ́ Cocoa House sí Dùgbẹ̀ lọ́dún 1965. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé gogoro yẹn ń gòkè, kòkó Ìbàdàn ti ń kú. Láti ọdún 1944 ni wọ́n ti rí àrùn kan lágbègbè yìí tó ń mú ẹ̀ka àti gbòǹgbò kòkó wú. Àwọn kòkòrò kéékèèké funfun tó ń fa omi ara igi mu ló ń gbé e láti igi dé igi, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ìjọba ní àfi kí wọ́n gé e. Wọ́n rán àwọn èèyàn wọ oko pẹ̀lú àdá, wọ́n ń gé igi tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó yí i ká, títí kan èyí tí èso ṣì so rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ Máyégún gbé ohùn àgbẹ̀ sókè. Ta ni yóò dúró kí wọ́n máa gé ogún ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀?

Àwọn kan ṣí lọ sí igbó Ifẹ̀ àti Oǹdó láti tún kòkó gbìn. Àwọn kan jókòó ti igi tó ti gbó. Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú àná: owó orí tí wọ́n ń bù fún àgbẹ̀ kò bá ohun tó kù lóko mu mọ́. Èyí wà lára ohun tó bí ìjà àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà lọ́dún 1968 àti 1969, tí Táfà Adéoyè, olórí wọn, àti àwọn ará agbègbè Àkànràn fi ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn yóò san. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó sọ owó náà di pọ́n-ùn méjì.

Àwọn tó gba ìyípadà láti kòkó sí ẹ̀gẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ̀gẹ́ kò ní òkìkí kòkó, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún kan péré ló ń lò nílẹ̀. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́rọ, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi jáàkì fún un títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ó di kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n yan án nínú agbada, kí àkúfọ́ igbá máa lọ kó máa bọ̀ nínú èéfín. Ẹ̀gẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀: àrùn ń bá a jà. Ní Akínyẹlé kan náà ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ìwádìí IITA sílẹ̀ lọ́dún 1967, Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn láti Kòríà sì dé síbẹ̀ lọ́dún 1971. Àwọn irúgbìn tí wọ́n mú jáde níbẹ̀, bíi TMS 30572, ń so dáadáa láìka àrùn sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín ní láti fi igi ẹ̀gẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń gbìn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ṣé ká wá gbàgbé àná ni? Rárá. Ọmọ tí kò mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀ ti sọnù. Àmọ́ ó ní bí a ṣe ń rántí. Ẹni tó ń ka iye tọ́ọ̀nù kòkó tí bàbá rẹ̀ tà, tí igbó sì ti bo ilẹ̀ náà, kò tíì ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ ní rere.

Ó sì tún wá ku èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ní gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ilẹ̀ ni agbè. Lónìí, láti Mọ́níyà dé Àkànràn, ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n ń gé ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì tà fún ará Ìbàdàn àti Èkó, nígbà mìíràn láti fi owó rẹ̀ gbé orúkọ ìdílé tó ti lówó nígbà kòkó ró. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ pe ìpàdé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ẹ yí ààlà ilẹ̀ tó ṣẹ́kù ká, kí ẹ sì pín in fún àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó bá ṣetán láti dáko lọ́dún yìí.