Ìrora Ilà ní Ilẹ̀ Bantè àti Ẹnu Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Wọlé

Ní ilẹ̀ olókè tí Bantè àti Savalou jọ wà ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Atokoligbé tẹ̀dó sí, tí àwọn Ìcà, ọmọ Yorùbá, àti àwọn Mahi tí ìdílé Gbaguidi jọba lé lórí ti ń bára wọn ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó béèrè ọmọ ta ni í ṣe. Oge nìkan kọ́ ni ilà wà fún. Ní ayé tí ogun Dahomey ń kó Mahi àti Yorùbá lẹ́rú, kí Béhanzin, ọba Dahomey, tó fi ara rẹ̀ lé àwọn Faransé lọ́wọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1894, ilà ni ẹni tí a kó lọ sí òkèèrè fi ń dá ará ilé rẹ̀ mọ̀.

Olóòlà, ọmọ Ògún, a-mú-abẹ-má-gbọ̀n, kì í kánjú. Ó mọ ibi tí pélé ń gbà, ó mọ ibi tí àbàjà ń gbà. Bí ó bá sì gbé abẹ kúrò, omi ìgbín tútù ni a ń kán sí ojú ọgbẹ́ náà. Igbe ọmọ kò tìtorí èyí dákẹ́, àwọn baba wa kò sì purọ́ nípa rẹ̀: tìrora tìrora là ń kọlà, bó bá jinná tán, a di oge.

Bí ìrora ṣe ń ti ojú abẹ dé ọpọlọ, ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1929, ọdún kan náà tí a bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Geoffrey Burnstock ní London, ni Karl Lohmann rí ATP ní Jámánì, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára ṣiṣẹ́. Nígbà tí Burnstock sọ ní Melbourne ní 1972 pé iṣan ara ń fi ATP ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ púpọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí lójú tiwọn, oúnjẹ inú ilé kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìta. Ṣùgbọ́n ní 1977, Bleehen àti Keele kán ATP sí awọ tí ó ti léròrò, ó sì dun àwọn tí a kán an sí lára. Ní 1994 ni a rí àbùdá àwọn ẹnu ọ̀nà tí ATP ń ṣí, tí a ń pè ní P2X. Ọdún kejì ni a rí P2X3, èyí tí ó pọ̀ jù lọ lára iṣan tí ń gbé ìrora.

Abẹ a ya awọ, sẹ́ẹ̀lì a fọ́, ATP inú rẹ̀ a tú síta, a sì kan ẹnu ọ̀nà iṣan tí ó wà nítòsí. Pùròtéènì mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ẹnu ọ̀nà kan. Ààrò mẹ́ta kì í sì í da ọbẹ̀ nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ sì yọ síta. Ibi tí méjì nínú wọn ti fẹ̀gbẹ́ kan ara ni ATP ń jókòó sí, nítorí náà ibùjókòó mẹ́ta ni ó wà. Eric Gouaux àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Oregon ya àwòrán irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti ara ẹja kan nígbà tí ó tì, ní 2009, wọ́n sì ya á nígbà tí ó ṣí, ní 2012: ATP a fa apá òkè mọ́ra, apá ìsàlẹ̀ a là, sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù a rọ́ wọlé, pòtásíọ̀mù a jáde, iṣan a gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, ọmọ a figbe ta.

Kí àwòrán wọ̀nyí tó jáde, iṣẹ́ olóòlà ti ń rẹ̀yìn. Nàìjíríà tilẹ̀ ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀ nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003. Oògùn tí ń ti P2X3 kò dé àfi ní 2022, nígbà tí Japan fọwọ́ sí gefapixant, ikọ́ ni a sì fi ń wò, kì í ṣe ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lò ó ni ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu wọn mọ́, nítorí P2X3 yìí kan náà wà lára iṣan tí ń gbé adùn oúnjẹ láti ahọ́n lọ sí ọpọlọ.