Owó Ilé ni Wọ́n Fi Bojú

Ní ọdún 1911, onílé 30 nínú 39 ní àdúgbò kan ní ìlú St. Louis, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé títí di 50 ọdún, aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Àwáwí tí irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe nígbà náà ni pé bí aláwọ̀ dúdú bá kó wọlé, owó ilé àwọn yóò wálẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1882 ni aláwọ̀ dúdú ti ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé àdúgbò yẹn!

Ní 1945, J. D. Shelley àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé níbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé àdéhùn kankan wà. Onílé kan tó ń jẹ́ Kraemer pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹgbẹ́ àwọn onílé sì dúró tì í gbágbágbá. Ní May 3, 1948, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ fi agbára ìjọba mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Adájọ́ 6 péré ló dá ẹjọ́ náà. 3 yòókù yẹra, wọn kò sọ ìdí rẹ̀.

Síbẹ̀, onílé tó bá wù lè máa pa àdéhùn náà mọ́ fúnra rẹ̀. Ó di 1968 kí òfin tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní ti ìdílé Shelley, kò di dandan kí wọ́n kó kúrò nílé wọn.