Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Fi Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè? Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 1896–1984

1. Ìfáárà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó yẹ kí òwe yìí wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn bí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe di ohun tí ènìyàn ń gùn lórí òkè, nínú igbó àti lójú ọ̀nà olókùúta. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tí ó sọ ìtàn náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó máa ń hàn. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Tamalpais, ní agbègbè Marin ní ìpínlẹ̀ California, láàárín ọdún 1970 sí 1979, lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó mélòó kan. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò, ó sì wọ inú ìdíje Olympic ní ọdún 1996.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti gbé ìtàn yìí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn tí ó fi 80 ọdún ṣáájú rẹ̀, èyíinì ni ìtàn àwọn ọmọ-ogun adúláwọ̀ tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ la àwọn òkè ńlá Rocky kọjá ní ọdún 1896 àti 1897. Kì í ṣe èrò àpilẹ̀kọ yìí láti gba oyè lọ́wọ́ ẹnì kan kí ó fi fún ẹlòmíràn. Kókó rẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì ni àwọn òǹkọ̀wé ti lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn: ta ni ó ṣáájú, àti ọ̀dọ̀ ta ni èyí tí ó wà lónìí ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò hàn kedere ìdí tí a fi gbàgbé àwọn kan tí a sì ń rántí àwọn mìíràn.

2. Fort Missoula, 1896

Fort Missoula jẹ́ àgọ́ ọmọ-ogun ní ìpínlẹ̀ Montana, láàárín àwọn òkè. Láti ọdún 1888 ni Rẹ́jímẹ́ǹtì Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀, ti wà níbẹ̀. Adúláwọ̀ ni àwọn ọmọ-ogun rẹ̀, àwọn òyìnbó ni ó sì ń pàṣẹ fún wọn. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1865.

Ní ọdún 1896, Lẹ́fútẹ́náǹtì James A. Moss, tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point ní 1894, gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọ̀gágun Nelson A. Miles láti fi kẹ̀kẹ́ dán iṣẹ́ ológun wò. Àwíjàre wọn kò ṣòro láti lóye. Ẹṣin ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń kú. Kẹ̀kẹ́ kò jẹ koríko, kì í sì í pariwo tí ọ̀tá yóò fi gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Spalding ni ó pèsè àwọn kẹ̀kẹ́ náà láìgba owó. Irin líle ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọn kò sì ní ju gíà kan ṣoṣo lọ.

Ó ṣe pàtàkì láti rántí irú àkókò tí èyí ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1894, ọdún méjì péré ṣáájú, ni League of American Wheelmen, ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà, ti ṣe òfin pé kí aláwọ̀ dúdú má ṣe wọ inú ẹgbẹ́ wọn mọ́. Ní ìgboro, nígbà náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn kẹ̀kẹ́ gígùn mọ́ adúláwọ̀. Ní àgọ́ ọmọ-ogun, adúláwọ̀ ni wọ́n kó jọ láti fi ìwúlò kẹ̀kẹ́ hàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, Moss kó ọmọ-ogun mẹ́jọ jáde. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Adágún McDonald, wọ́n sì padà. Òjò àti ẹrẹ̀ fojú wọn rí màbo. Níbi tí kẹ̀kẹ́ kò ti lè yí mọ́, wọ́n gbé e léjìká, wọ́n sì la odò kọjá. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni wọ́n tún gbéra lọ sí Yellowstone, ọgbà ńlá ìjọba tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ìrìnàjò yìí ni ó bí àwòrán tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ wọn jù. F. Jay Haynes ni ó yà á ní Minerva Terrace, níbi tí ẹfun inú omi gbígbóná ti ṣù jọ bí àtẹ̀gùn funfun. Àwọn ọmọ-ogun náà dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn.

3. Ìrìnàjò ọdún 1897

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1897, 20 ọmọ-ogun kúrò ní Fort Missoula, wọ́n dojú kọ ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri. Moss ni ó ṣáájú wọn. Dókítà ológun kan, James M. Kennedy, bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni Edward Boos, ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn tí ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Láàárín àwọn ọmọ-ogun, Sájẹ́ǹtì Mingo Sanders ni àgbà. Ẹni ọdún 39 ni, ojú rẹ̀ kan kò sì ríran dáadáa. John Findley ni ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Chicago rí.

Ẹrù tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe kékeré. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, aṣọ àgọ́, oúnjẹ àti ohun ìdáná wà nínú rẹ̀, débi pé kẹ̀kẹ́ àti ẹrù jọ lé ní 50 pọ́n-ùn kí ọmọ-ogun tó fi ìbọn àti ọta kún un. Wọ́n ti kó oúnjẹ ṣáájú sí àwọn ibi kan lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n gbé dání ni èyí tí yóò mú wọn dé ibi tí ó kàn.

Bí wọ́n ṣe ń gòkè níbi tí àwọn òkè Rocky ti pín omi ilẹ̀ náà sí méjì, tí apá kan ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn tí èkejì sì ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, òjò dídì àti yìnyín ni ó pàdé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kẹfà ni. Nígbà tí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà bá lẹ̀ mọ́ táyà tí kò jẹ́ kí ó yí mọ́, wọ́n a bọ́ sí ojú irin, wọn a sì máa gun orí àwọn pákó rélùwéè tí ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Ní Wyoming àti Nebraska, omi ibẹ̀ ní iyọ̀ kíkorò nínú, ó sì dá àìsàn sí wọn lára. Moss pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní àwọn òkìtì yanrìn Nebraska, oòrùn mú gan-an, yanrìn sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje, wọ́n wọ St. Louis. Nǹkan bí 1,900 máìlì ni wọ́n ti rìn ní nǹkan bí ọjọ́ 40. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìlú jáde lọ pàdé wọn, wọ́n sì pàgọ́ sí Forest Park níbi tí èrò ti wá wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, rélùwéè ni ó gbé wọn padà sí Montana. Ní ọdún 1898, ogun láàárín Amẹ́ríkà àti Spain bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó Rẹ́jímẹ́ǹtì Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ sí Cuba, ó sì jà ní El Caney. Ìdánwò kẹ̀kẹ́ náà kò tún tẹ̀síwájú.

4. Òkè Tamalpais, 1976

Ìtàn kejì kò gba àlàyé gígùn, nítorí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ní Marin, àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí Schwinn ṣe ní nǹkan bí 1930 sí 1949 kiri, èyí tí táyà rẹ̀ tóbi tí irin rẹ̀ sì le. Wọ́n ń gbé wọn gun orí òkè, wọ́n sì ń fi eré sísá gùn wọ́n sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, Charlie Kelly ṣètò ìdíje àkọ́kọ́ ní ojú ọ̀nà kan nítòsí ìlú Fairfax. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì méjì, ó sì dà gẹ̀rẹ́ tó 1,300 ẹsẹ̀ bàtà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Alan Bonds ni ó gba ipò kìíní.

Repack ni wọ́n pe ibẹ̀. Ìdí ni pé bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà nínú ihò àárín táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bá fi ń sọ̀kalẹ̀, a máa gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ yóò jó di èéfín, ó sì di dandan kí wọ́n tún un tú, kí wọ́n sì fi gíríìsì tuntun kún un. Láti inú ìṣòro yìí ni àtúnṣe ti jáde. Ní 1977, Joe Breeze ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun tí ó pète rẹ̀ fún òkè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1979, Kelly àti Gary Fisher dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ tí Tom Ritchey ṣe, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ òkè. Ní 1981, Specialized gbé Stumpjumper wá sí ọjà. Ìdíje Repack tí ó kẹ́yìn wáyé ní 1984. Ní ìgbà yẹn, kẹ̀kẹ́ náà ti kúrò ní ohun ìṣeré àdúgbò kan.

5. Ìṣáájú àti ìran

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ìran, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Kẹ̀kẹ́ òkè tí àwọn ènìyàn ń rà lónìí, Marin ni ó ti ṣẹ̀ wá. Kò sí okùn kan tí ó so Fort Missoula pọ̀ mọ́ Òkè Tamalpais. Kẹ̀kẹ́ Spalding kò bí kẹ̀kẹ́ Breeze. Àwọn ọ̀dọ́ Marin kò sì kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Findley. Onímọ̀ ìtàn tí ó bá sọ pé àwọn ọmọ-ogun náà ni ó dá kẹ̀kẹ́ òkè sílẹ̀ ń ro wọ́n ní ìròkúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ìṣáájú, Marin kò lè dá jókòó sórí àga náà. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ Vélo Cross Club Parisien ti ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó láàárín 1951 sí 1956. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá Rough-Stuff Fellowship sílẹ̀ ní 1955 fún àwọn tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà orí òkè tí ọkọ̀ kò lè gbà. Àwọn ọmọ-ogun Fort Missoula sì ti ṣáájú gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò: afẹ́ ni àwọn yòókù bá lọ, iṣẹ́ ni ti àwọn ọmọ-ogun. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ fún afẹ́ lè padà sílé bí òjò bá ń rọ̀. Ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

6. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ó kọ̀wé

Èéṣe tí ìtàn kejì fi borí ìtàn kìíní? Ìdí kan ni ọjà. Ohun tí ènìyàn ń tà nílò ìtàn ìbẹ̀rẹ̀, àwọn olùtà sì ni ó ń tún un sọ lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kò ní ohunkóhun láti tà.

Ìdí kejì ni kálàmù, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Ní Marin, àwọn tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀. Wọ́n kọ aago olúkúlùkù tí ó díje sílẹ̀. Ní 1980, Kelly àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Fat Tire Flyer. Ní ti ìrìnàjò 1897, orí ìjábọ̀ Moss àti ìròyìn Boos ni ìtàn náà dúró lé jù. Moss ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti fi hàn pé kẹ̀kẹ́ wúlò. Boos ń kọ̀wé fún àwọn tí ó ń ra ìwé ìròyìn. Nínú àwọn méjèèjì, ìwúwo ẹrù hàn, iye máìlì hàn, ojú ọjọ́ sì hàn. Èrò ọkàn àwọn tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ ni ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ìdí kẹta ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1906, àwọn kan yìnbọn ní ìgboro Brownsville ní Texas, wọ́n sì pa ènìyàn kan. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan àwọn ọmọ-ogun Rẹ́jímẹ́ǹtì Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láìsí ìgbẹ́jọ́, Ààrẹ Theodore Roosevelt lé 167 nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìtìjú, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Mingo Sanders wà nínú wọn, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún 26 nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1972 ni ìjọba tó yí ìdájọ́ náà padà. Sanders ti kú láti 1929.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní ìtumọ̀ fún ìtàn kẹ̀kẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Marin dàgbà, wọ́n gba oyè, wọ́n sì ń sọ ìtàn ara wọn. Ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí àgbà fún ìrìnàjò 1897 ni ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹni ìtìjú. Ta ni yóò tọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kí ó gbọ́ ìtàn kẹ̀kẹ́ lẹ́nu rẹ̀?

7. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1974, ọdún méjì ṣáájú Repack àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kan láti Yunifásítì Montana tún fi kẹ̀kẹ́ gun ojú ọ̀nà Missoula sí St. Louis láti fi rántí àwọn ọmọ-ogun náà. Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé ìtàn náà ti parẹ́ pátápátá nígbà tí Marin bẹ̀rẹ̀. Ó wà nílẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn kẹ̀kẹ́ òkè ni kò yà síbẹ̀.

Èyí tí ó yẹ kí ó jáde láti inú àtúnyẹ̀wò yìí ni pé kí àwọn òǹkọ̀wé jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà "àkọ́kọ́" bí kò bá sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n sọ pé Marin ni ó ṣe kẹ̀kẹ́ òkè tí ó sì fún un lórúkọ. Kí wọ́n sì sọ pé ṣáájú kí ó tó ní orúkọ, 20 adúláwọ̀ ti gbé ìbọn gun kẹ̀kẹ́ onígíà kan, wọ́n sì ti fi í la òkè Rocky kọjá. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ìwádìí ni àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti ti owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ-ogun náà, àti àwọn ìwé ìròyìn adúláwọ̀ ìgbà náà, bóyá ohùn tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ìwé Moss àti ti Boos lè ti ibẹ̀ jáde.