Oògùn tí àwọn òbí wa ń pa tì (thread)

1/ Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn wà ńlẹ̀. Láti Ọ̀jọ́ dé Ìyànà Ìbà dé Okokomaiko, tẹ́ ẹ bá bèèrè oògùn cholesterol ní kẹ́mísìtì, ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹ̀ parí sí "statin". Àwọn òbí wa kan á lò ó fún oṣù kan, wọ́n á ní "ara mi ti yá", wọ́n á pa á tì. Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tí wọ́n ń pa tì.

2/ Cholesterol kì í ṣe májèlé o. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra ẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Wàhálà dé tí irú tí wọ́n ń pè ní LDL bá pọ̀ jù: á máa ṣù mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà á fi há. Tó bá dí lọ́nà ọkàn, heart attack. Tó bá dí lọ́nà ọpọlọ, rọpárọsẹ̀.

3/ Ní 1971, Akira Endo ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tó lè dá iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yẹn dúró. Ó yẹ nǹkan bí 6,000 irú kòkòrò tín-ín-tín àti èyí tó ń hù lára oúnjẹ tó hùkàsì wò. Ní 1973 ó rí i, lára ìrẹsì láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Kyoto! Amẹ́ríkà fọwọ́ sí statin àkọ́kọ́ ní 1987.

4/ Ṣé ó ń gba ẹ̀mí là? 1994 ló dáhùn. 4,444 èèyàn tí ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn, ní Sweden, Norway, Finland, Denmark àti Iceland. Ìdajì gba simvastatin, ìdajì gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti díẹ̀, 256 ló kú lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba oògùn gidi, 182 lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á. Oṣù kan kọ́ o, ọdún márùn-ún!

5/ "Àìsàn òyìnbó nìyẹn jàre." Ẹ dúró ná. Láti 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Indiana University ṣèwádìí nípa àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Cholesterol àwọn ará Ìbàdàn kéré sí tàwọn ará Amẹ́ríkà. Dúdú ni gbogbo wọn o! Àwọ̀ ara kọ́ ló ń dáàbò boni.

6/ Oúnjẹ àwọn ará Ìdíkàn yẹn ò lọ́ràá púpọ̀: ọkà, iṣu, ẹja díẹ̀. Ṣé bí àwa tá a ń jókòó sínú gó-síló ọ̀nà Badagry, tá a ń fi dín-ín-dín ṣe oúnjẹ alẹ́, ṣe ń jẹun nìyẹn?

7/ Oúnjẹ dáa, ìrìn dáa. Àmọ́ ẹni tó ti ní heart attack tàbí rọpárọsẹ̀ rí sábà máa ń nílò oògùn mọ́ ọn. Cholesterol kì í dunni, torí náà "ara mi ti yá" ò sọ nǹkan kan. Tí oògùn bá ń fa ìrora, kí wọ́n sọ fún dókítà, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀.

8/ Ẹ pe ilé lálẹ́ yìí. Ẹ bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn yín yẹn ńkọ́?"