Ṣé Ẹnikẹ́ni Máa Tọ́jú Alùpùpù Oníná fún Ọmọ-ọmọ Rẹ̀?

Ọjà-Ọba ni ilé wa wà, ní Ìlọrin níbí. Honda C70 bàbá àgbà mi ṣì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, á ké. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan wá láti Èkó, ó fẹ́ rà á kó lè gbé e sí pálọ̀. Bàbá mi ní àwọn ò tà.

Ọjọ́ yẹn ni mo bi ara mi pé: ṣé wọ́n máa wá alùpùpù oníná kiri báyìí tó bá pé ogójì ọdún?

Ọdún 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde ní Japan. Ìdílé rẹ̀ ni C70 ti wá. Nígbà tó fi di 2017, wọ́n ti ṣe 100 mílíọ̀nù nínú ìdílé yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n ló jẹ́ kó níyì. Mẹkáníìkì àdúgbò lè tú u, kó fọ kabúrétọ̀, kó pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, kó sì tò ó padà kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ wá wo ọkọ̀ oníná kan ní Amẹ́ríkà, EV1. Láti 1996 sí 1999, General Motors ṣe é, ó lé ní 1,000. Wọn ò tà á, ṣe ni wọ́n ń fi yáni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á padà, wọ́n sì fọ́ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó ń wà á bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ rà á. Wọn ò gbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní Benin àti Togo lónìí, ọlọ́kadà tó ń gun Spiro á yà ní ibùdó, á fi bátìrì tó ti kú sílẹ̀, á gba èyí tó kún. Ó yá, kò sì ní wá epo kiri. Àmọ́ bátìrì yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Bí ibùdó bá kógbá sílé, kí ni ọmọ rẹ̀ máa fi gun ún?

Èmi gbà pé àwọn kan máa di ohun àtọ́jú: àwọn tí ọmọ Ọjà-Ọba tó ń tún fóònù ṣe lè ṣí bátìrì wọn, kó sì tún un ṣe. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra tiyín, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ta ló ni bátìrì? Ohun tí kì í ṣe tẹni, a kì í fi í jogún fọ́mọ.